Èémí Bàbá Lórí Ìka Ọmọ

Kí n tó nàka sí ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ nà án sí àyà ara mi. Èmi ni mo fi ikọ́ ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi di ohun tí kò ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin a máa fín ọ̀dà sára mọ́tò. Ẹ̀rọ ńlá kan á máa fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà wá, atẹ́gùn á gbé ọ̀dà jáde lẹ́nu ìbọn tí wọ́n fi ń fín in bí ìkùukùu, mọ́tò tó ti wọ́ bí awọ ẹsẹ̀ mi á sì tún máa dán. Áńkáṣíìfù lásán ló máa ń so mọ́mú bó bá ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń fọ àwọn áńkáṣíìfù náà, torí ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn lọ tipẹ́. Bí mo bá ti tẹ́ wọn sójú omi, mo mọ mọ́tò tó kùn lọ́sẹ̀ yẹn. Ikun pupa, mọ́tò pupa. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ búlúù, mọ́tò búlúù. Màá jókòó sórí àpótí, ikùn mi á máa mì, màá sì pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ọkọ mi, ta ló gbé mọ́tò aláwọ̀ ewé wá fún ọ? Imú rẹ ti jẹ́wọ́ o!"

Òun náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á di ikọ́, ikọ́ á tẹ̀ ẹ́ ba títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi á ṣì máa rẹ́rìn-ín lọ ní tèmi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, àgbà ní, "Ẹ wá wo bó ṣe wọ́!"

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Alákọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí bó bá ń jẹun, ìwé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bó bá lọ sílé ìyàgbẹ́, ìwé á tẹ̀ lé e, àwa tí nǹkan ń gbọ̀n á sì máa jó lẹ́nu ọ̀nà. Kíláàsì àṣejáde ló wà nígbà náà, ìdánwò ti ń kanlẹ̀kùn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti jáde nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ń lọ. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kì í gbé fún ọmọṣẹ́ kankan, ìyẹn ìdí ẹ̀rọ atẹ́gùn. Ariwo ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ti ẹnì kejì, nítorí náà ìka ni bàbá fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá gbé ìka sókè, Alákọ̀wé á fi kún atẹ́gùn. Bó bá dojú ìka délẹ̀, á dín in kù.

"Atẹ́gùn tó bá pọ̀ jù, á ba iṣẹ́ jẹ́ ni," bàbá rẹ̀ máa ń wí. "Ọ̀dà á kàn máa ṣàn bí ikun ọmọdé."

Ọmọ náà kì í béèrè ìdí. Ìka ti sọ̀rọ̀, ó parí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ikọ́ náà yíwà padà. Ọmọ mi ò lè ti ṣọ́ọ̀bù rìn délé láì jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Ìjókòó ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùn, torí bó bá dùbúlẹ̀, á dà bíi pé wọ́n gbé àpò símẹ́ńtì lé e láyà. Mo fún un ní oyin, mo fún un lómi gbígbóná, mo fún un léèébú.

"Sìgá lò ń fà níkọ̀kọ̀!"

"Màmá, ọ̀dà ni."

"Ọ̀dà wo? Ọ̀dà tí mọ́tò ń mu tó ń dán!"

Ọjọ́ tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó ń kùn lọ́wọ́ ni mo tó pa ẹnu dé. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn mọ́tò oníbàárà, ó di ilé ìwòsàn.

Wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e sí gùn bíi kọ́ńdọ̀, bẹ́ẹ̀dì tò lọ́tùn-ún lósì, fáànù ń yí lókè bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú ṣiṣẹ́. Dókítà rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì mọ ibi tó fẹ́ hù sí. Ó gbé fọ́tò àyà ọmọ mi sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Màmá, ṣé ẹ rí funfun yìí? Dúdú ló yẹ kó jẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀dọ̀fóró rọ̀ bíi fọ́ọ̀mù, kó máa fẹ̀, kó máa súnkì. Tirẹ̀ ti ń le bí awọ gbígbẹ."

"Ṣé ẹ ò lè bá wa rẹ ẹ́ sómi ni?" mo bi í.

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo sọ títí mo fi rí i pé kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò imú rẹ̀, ọ́síjìn ń gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n wá fi nǹkan kékeré kan bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ há a níka, okùn rẹ̀ lọ sára ẹ̀rọ kan tó lójú bíi tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó ní èjì lẹ́nu, tí mo sọ ní Eléjì, ṣàlàyé fún wa pé nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà ló ń sọ bí èémí ọmọ mi ṣe tó. Bó bá wálẹ̀ sábẹ́ àádọ́rùn-ún, agogo á dún, òun á sì sáré wá.

"Ìka wo lẹ fẹ́?" mo bi í. "Torí ìka tó tọ́ símú là ń fi í romú, mo sì mọ ohun tí ti ọmọ mi ti rí."

Eléjì rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fẹ́ràn wa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Awakọ̀ àgbàlagbà kan ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tiwa, rọ́bà wà nímú òun náà. Òun àti ọmọ mi a máa tàkúrọ̀sọ nípa mọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a jí, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wà ní kíká, wọ́n ń fi oògùn nu irin bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi tẹjú mọ́ irin náà fún ìgbà pípẹ́.

"Màmá," ó ní, ó mí, "nǹkan tí wọ́n ń fẹ́ sí wa nímú yìí ló pa á."

"Báwo?"

"Ó pọ̀ jù. Atẹ́gùn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Mo mọ ìró rẹ̀. Bí èèyàn bá ń fẹ́ nǹkan sínú nǹkan láìdáwọ́ dúró," ó tún mí, "á bẹ́ ni."

Èmi tí mi ò mọ̀ ju atẹ́gùn tó ń ti ìdí mi jáde lọ, mo mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà tí dókítà yíká dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "A ó máa dín ọ́síjìn yìí kù díẹ̀díẹ̀. Bí nọ́ńbà yín bá ṣì dúró sókè, ẹ ó máa lọ sílé. Bí kò bá dúró, ẹ ṣì máa pẹ́ lọ́dọ̀ wa." Ó kọjá lọ. Ọmọ mi wo Alákọ̀wé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì dojú ìka délẹ̀.

Ọmọ náà dìde bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó yí ọwọ́ ọ́síjìn wálẹ̀.

Kò pẹ́ tí agogo fi figbe bọnu. Eléjì sáré dé, sálúbàtà rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ pàràpàrà.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?" Ó yí i padà sókè. "Bọ̀dá, ẹ̀yin ni, àbí? Ẹ jọ̀wọ́, nǹkan yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Òun lẹ fi wà láàyè."

"Ẹ má bínú, sísítà."

Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi sinmi díẹ̀, ó wá pe ọmọ rẹ̀.

"Alákọ̀wé. Bọ́ pẹ́ẹ̀gì yẹn. Fi há ìka tìrẹ."

"Dádì, kí ni?"

"Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ mí. Kò sì mọ̀ ọ́. Ìka ṣáá ló mọ̀."

"Sísítà ní òun lẹ fi wà láàyè o, Dádì."

"Ṣé sísítà ló bí ọ ni? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ká fọ́ọ̀mù tèmi náà? Ìdánwò rẹ ti dé tán, o sì jókòó tì mí síbí. Jẹ́ ká lọ sílé." Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ń ná an ní èémí tí kò ní. Ó wá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́."

Mi ò rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi. Èmi ni àgbà ibẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju "Rárá" lọ, ọmọ ọdún méjì lè pè é. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bàbá rẹ lò ń jẹ́ kó bẹ̀ ọ́ báyìí?"

Ó bọ́ pẹ́ẹ̀gì náà, ó fi há ìka ara rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà náà fò sókè bí ọmọ ewúrẹ́.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" mo pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo èémí ọmọdé! Bí wọ́n bá fi tèmi sí i, ẹ̀rọ á ní kí wọ́n lọ gbẹ́lẹ̀."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ti gbọ́ sálúbàtà Eléjì, ọwọ́ Alákọ̀wé á wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìwé á wà lórí itan rẹ̀, èmi á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Mo sọ ti ọjọ́ tí àga fọ́ mọ́ mi nídìí nílé àna mi, tí ẹsẹ̀ àga kan kò jẹ́ kí n jókòó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Eléjì á rẹ́rìn-ín, á nu ojú, á wo nọ́ńbà, á kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ. Kò gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì rí. Dókítà dé, ó yọ̀. "Bọ̀dá, ẹ ń gbádùn o!" Ó ní kí Eléjì dín ọ́síjìn kù. Nígbà tó tún dé, ó ní kó tún dín in kù.

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù pẹ̀lú ọ́síjìn. Orí ń fọ́ ọ. Ó bi mí bóyá wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù; mo dá a lóhùn, ó sì tún bi mí. Nígbà tí a jọ ń lọ pọn omi, Alákọ̀wé fà mí láṣọ.

"Màmá, ọwọ́ Dádì tutù."

"Fáànù ni."

"Màmá, fáànù yẹn ò fẹ́ nǹkan kan."

"Ó ti tó! Ọ̀la ọ̀hún ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. O fẹ́ bà á jẹ́ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo lọ fọ aṣọ tó máa wọ̀ délé. Oòrùn mú, wọ́ọ̀dù dákẹ́. Nígbà tí mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà wọlé, Alákọ̀wé ti sùn lórí àga, ó gbórí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ìwé ti já bọ́. Ẹ̀rọ náà ń dún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, nọ́ńbà ojú rẹ̀ dára. Ẹni tó bá wò ó láti ẹnu ọ̀nà á ní àlàáfíà ló wà níbẹ̀.

Èékánná ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ti fọ oríṣiríṣi àwọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ yẹn, mi ò rí irú èyí rí. Ó wà láàárín búlúù àti eérú. Ètè rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

Mi ò mọ ohun tí mo pariwo. Bọ́kẹ́ẹ̀tì já bọ́, omi gba gbogbo ilẹ̀. Alákọ̀wé ta gìrì, ìka rẹ̀ fà yọ nínú pẹ́ẹ̀gì náà. Ìgbà yẹn ni agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Wọ́n sáré wá, wọ́n tì wá sẹ́yìn, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì náà lọ sí yàrá inú lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń ki rọ́bà bọ èèyàn lọ́nà ọ̀fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Omi ṣì ń kán lára ìró mi.

Iwájú wa níbẹ̀ ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ti dojú kọ Eléjì.

"Nọ́ńbà tó o kọ láàárọ̀ yìí kò lè jẹ́ òótọ́. O ò wò ó. O kàn kọ ọ́ ni."

"Mo wò ó, mà. Ojú mi méjèèjì ni mo fi wò ó."

"Bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ, kó o máa lọ sílé títí a ó fi ránṣẹ́ sí ọ."

Dókítà jáde, òógùn bo irùngbọ̀n rẹ̀ kékeré. "Ẹni tó ń mí dáadáa kì í ṣàdédé rí báyìí," ó ní. "Á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló lọ dí i láyà. Ẹ jẹ́ ká fún un lóògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀, àmọ́ mi ò rí ọ̀nà mìíràn."

Mo rí i tí Alákọ̀wé fẹ́ dìde. Mo já a léèékánná nítan, mo já a dáadáa.

"Jókòó," mo sọ sí i létí. "Wọ́n á tì ọ́ mọ́lé. Jókòó!"

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀." Kò pariwo. Ó ṣí ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀, ó dìde. "Dókítà, ẹ má fún un lóògùn yẹn. Sísítà kò purọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ, tèmi ni. Ìka mi ni mo fi há a."

Gbogbo wọn wò ó.

"Láti ìgbà wo?" dókítà bi í.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ká fọ́ọ̀mù awakọ̀."

Ká ní ọkùnrin yẹn pariwo ni, ì bá sàn. Ó kàn fara ti ògiri, ó di ojú, ó là á. "Gbogbo ìgbà tí mò ń dín ọ́síjìn rẹ̀ kù," ó ní, ó sì sáré wọlé padà. Kò fún un lóògùn náà. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní kí Eléjì padà sẹ́nu iṣẹ́. Eléjì ò wo Alákọ̀wé. Èmi ló wò, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá lọ bọ́jú. Kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ọmọ mi kò jí. Ẹ̀rọ bá a mí, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń gbọ́ àṣẹ. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Alákọ̀wé ò lọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń fi òróró pa. Nígbà tó yá, àyà náà kọ̀ láti gbọ́ àṣẹ mọ́. Èmi tí mo bí i ni mo pa ojú rẹ̀ dé.

Dókítà mú wa wọ yàrá rẹ̀, ó wo ọmọ náà dípò mi. "Mi ò ní purọ́ fún ọ," ó ní. "Àìsàn yẹn ì bá pa bàbá rẹ lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe ìwọ lo kó o ràn án. Àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni ì bá pa á. Òtítọ́ tó o sọ ni kò jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ni kò sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìyá àgbà tó ti fi ẹ̀rín ba nǹkan jẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má fojú di í. Gbígbọ́ràn sí òbí dára, mo sì fẹ́ kí ẹ máa gbọ́ tiwa. Àmọ́ bí àgbà kan bá ní kí ẹ bá òun pa òtítọ́ mọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú òun, ì báà jẹ́ bàbá yín, ì báà kúnlẹ̀, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ kọ̀, kí ẹ sì sáré lọ sọ. Ẹni tó bá tan oníṣègùn jẹ, ara rẹ̀ ló ń tàn, àìsàn kì í sì í bá èèyàn ṣeré. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi tí ẹ bá jí ìwé náà kà, bí ọmọ bá yíjú sí yín bí Alákọ̀wé ṣe yíjú sí mi, ẹ má dá àpárá. Ẹ dá a lóhùn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege. Kò jọ ẹni tó yege. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, a jọ ń ká aṣọ bàbá rẹ̀ sínú àpò, torí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ mú lára rẹ̀ wọ̀. Mo ń ṣe àwàdà pé ṣòkòtò kan fẹ̀ tó láti gba ìdí mi, mo tiẹ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́ wò. Ó dá aṣọ dúró lọ́wọ́.

"Màmá," ó ní, "ká ní mo kọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ rò pé ì bá bínú sí mi?"